Ta ni òfin lè mú? Bí ìgbékalẹ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ń sọ ọ́ di olówó tàbí tálákà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, àwọn àgbẹ̀ 18 fi òru bojú, wọ́n pàdé ní abúlé Xiaogang ní ẹkùn Anhui lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Wọ́n kọ àdéhùn kan sórí bébà, wọ́n sì fi àtàǹpàkò pupa tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n kọ kò gùn. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa dá oko tirẹ̀ ro. Kí wọ́n san iye ọkà tí ìjọba bù fún wọn. Ohun tó bá ṣẹ́kù, kí olóko gbé e wọlé. Wọ́n wá fi gbólóhùn kan sí i pé bí wọ́n bá torí ọ̀rọ̀ yìí sọ àwọn aṣáájú wọn sẹ́wọ̀n, àwọn tó kù ni yóò tọ́ àwọn ọmọ wọn títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 18.

Kí ló dé tí àgbẹ̀ yóò fi ẹ̀wọ̀n wewu nítorí oko tó fẹ́ ro? Nígbà náà, àjùmọ̀ni ni oko ní Ṣáínà. Gbogbo abúlé jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kọ máàkì iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníkálukú, ìkórè sì ń lọ sínú àká kan ṣoṣo. Ẹni tó fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ àti ẹni tó fara ti ọkọ́ láti àárọ̀, ohun tí wọ́n ń gbé délé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ebi pa abúlé yìí débi pé àwọn ará ibẹ̀ ń jáde lọ tọrọ jẹ. Lẹ́yìn àdéhùn òru yẹn, ìkórè ọdún 1979 fò sókè ju ti ọ̀pọ̀ ọdún tó ṣáájú lọ. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà, ọkọ́ kan náà, èèyàn kan náà. Ohun tó yí padà ni ìlànà tó sọ ẹni tó ni èrè iṣẹ́.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń bá bọ̀ nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní ìgbékalẹ̀ ló ń jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kan là kí òmíràn tòṣì. Ìgbékalẹ̀ ni àwọn òfin, ìlànà àti àṣà tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé a fi ń ṣe nǹkan, pẹ̀lú àwọn tó ń rí i pé ó fìdí múlẹ̀. Apá kan rẹ̀ jẹ mọ́ ọrọ̀ ajé: ta ló ni kí ni, ta ló lè ṣòwò, báwo ni a ṣe ń gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀ tí kò san. Apá kejì jẹ mọ́ òṣèlú: ta ló ń ṣòfin, ta ló lè yí i padà, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí alágbára tó bá rú u. Apá kejì yìí ló jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ Xiaogang máa ṣe tiwọn ní kọ̀rọ̀. Wọ́n mọ ìlànà tó lè yọ wọ́n nínú ebi, ṣùgbọ́n àṣẹ láti lò ó kò sí lọ́wọ́ wọn. Bí kì í bá ṣe pé Wan Li tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ní ẹkùn Anhui gbójú fò ó, tí àwọn tó wà lókè sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn náà, ẹ̀wọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà ì bá já sí. Nígbà tí ọdún 1983 fi ń parí lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ẹ́ gbogbo ìdílé àgbẹ̀ ní Ṣáínà ló ti ń dá oko ro lọ́nà yẹn.

Ní ọdún 2024, wọ́n fún Daron Acemoglu, Simon Johnson àti James Robinson ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé nítorí iṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Douglass North ti gba tirẹ̀ ní 1993. Àmọ́ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rọrùn láti sọ tó, bẹ́ẹ̀ ló rọrùn láti ṣì í gbọ́. Àwọn kan rò pé ó túmọ̀ sí pé kí a ṣáà ti dìbò. Àwọn mìíràn rò pé kí ìjọba kúrò lójú ọ̀nà ni. Méjèèjì kò kàn án.

Ọjọ́ 289 nítorí ilé iṣẹ́ aránṣọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọrọ̀ ajé. Ní ọdún 1983, Hernando de Soto, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Pẹ̀rú, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ dá ilé iṣẹ́ aránṣọ kékeré kan sílẹ̀ ní ìlú Lima. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí yóò ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó gba gbogbo ìwé àṣẹ tí òfin béèrè, láìgba ẹ̀yìn. Wọ́n ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n ń tò sórí ìlà. Ọjọ́ 289 ló gbà wọ́n. Ìgbà mẹ́wàá ni òṣìṣẹ́ ìjọba béèrè rìbá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ̀ níbi tí wọ́n ti lè kọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà méjì wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọn ò bá san án, ibẹ̀ ni ìrìn àjò wọn máa parí sí. Owó tó bá gbogbo rẹ̀ lọ ju ìlọ́po 30 owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí.

Aránṣọ gidi tó ní máṣíìnì méjì, tó sì ní ọmọ láti bọ́, kò lè dúró fún ọjọ́ 289. Ńṣe ni yóò gbé máṣíìnì rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, yóò sì máa ṣòwò láìgbàwé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, báǹkì kò lè yá a lówó, nítorí pé kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé ó ń ṣòwò. Oníbàárà tó gba aṣọ láwìn lè sá lọ, kò sì ní lè pè é lẹ́jọ́. Kódà bí ọjà rẹ̀ bá ń tà wàràwàrà, ẹ̀rù ni yóò máa bà á, torí pé bó bá fi gbòòrò, ojú ìjọba yóò tó o. Ó di dandan kó wà ní kékeré títí ayé. Kò sí ibi tí ó ti dùn mí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tó ibí: èèyàn lè já fáfá, kó mọṣẹ́, kó má sùn, síbẹ̀ kí òfin ti sọ ibi tó máa mọ kó tó jí ní àárọ̀. Ẹni tó jàǹfààní rẹ̀ ni ẹni tó ti ní ilé iṣẹ́ ńlá tẹ́lẹ̀, tí ìdíje kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ẹni tó jókòó sídìí òǹtẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti Ajẹntínà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó yanjú awuyewuye kan tó máa ń wáyé níbi gbogbo. Bí a bá ní ìwé ilẹ̀ ló ń jẹ́ kí èèyàn tún ilé rẹ̀ ṣe, ẹlòmíràn yóò ní rárá, ẹni tó láápọn tẹ́lẹ̀ ló ń lọ gbàwé. Ní 1981, ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò rílé gbé lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ òfìfo kan ní San Francisco Solano, létí Buenos Aires. Wọ́n rò pé ti ìjọba ni; àṣé ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ní 1984, wọ́n ṣòfin pé kí ìjọba gba ilẹ̀ náà, kó san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó ni ín, kó sì fún àwọn tó ń gbébẹ̀ níwèé. Lára àwọn onílẹ̀, àwọn kan gba owó, àwọn yòókù gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ó ṣe di pé aládùúgbò méjì jọ dé lákòókò kan náà, òṣì wọn kò yàtọ̀, ọ̀kan gbàwé, èkejì kò rí gbà, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe tó fà á. Nígbà tí àwọn olùwádìí Sebastian Galiani àti Ernesto Schargrodsky padà lọ wò ó, ilé àwọn tó ní ìwé dára jù, àwọn ọmọ wọn sì pẹ́ nílé ìwé ju ti èkejì lọ. Ẹni tó mọ̀ pé wọn ò ní lé òun jáde lọ́la ló ń ra sìmẹ́ǹtì lónìí. Ṣùgbọ́n báǹkì kò fi bẹ́ẹ̀ torí ìwé yẹn yá wọn lówó. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí a bá ti pín ìwé ilẹ̀, ọrọ̀ yóò máa ya wọlé bí omi.

Kòkó Gánà

Ìtàn kòkó Gánà ló ṣàlàyé fún mi jù bí òṣèlú ṣe ń jẹ ọrọ̀ ajé run. Ní sáà 1964/65, Gánà kó kòkó tó ju 500,000 tọ́ọ̀nù jọ, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó ń kó kòkó jáde tó o nígbà náà. Òfin sọ pé àjọ ìjọba, Cocoa Marketing Board tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, nìkan ló lè ta kòkó sókè òkun, òun ló sì ń sọ iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ kò burú: nígbà tí kòkó bá wọ́n lọ́jà àgbáyé, kí wọ́n fi díẹ̀ pamọ́, nígbà tó bá já wálẹ̀, kí wọ́n fi èyí tí wọ́n fi pamọ́ di àgbẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n owó ńlá tó wà nílẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò lágbára, ọwọ́ ni í máa ń yá sí i. Ìjọba kan lọ, òmíràn dé, gbogbo wọn ló ń bù nínú rẹ̀. Nígbà tí a fi máa rí ìparí àwọn ọdún 1970, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ nínú iye tí kòkó ń tà lókè òkun ló ń dé ọwọ́ ẹni tó gbìn ín. Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Àgbẹ̀ Gánà kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹrù rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn àgbẹ̀ kò dìtẹ̀. Wọ́n kàn jáwọ́. Igi kòkó tó gbó, wọn kò gbin òmíràn rọ́pò rẹ̀. Oko tó yẹ kí wọ́n ro, wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó. Àwọn tó wà nítòsí ẹnubodè ń ṣe fàyàwọ́ kòkó lọ sí Ivory Coast àti Tógò, níbi tí owó ti sàn jù. Ní sáà 1983/84, gbogbo ìkórè ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 160,000 tọ́ọ̀nù. Lóòótọ́, ọ̀dá àti iná igbó ọdún 1983 wà nínú ohun tó fà á, àrùn igi kòkó náà kò sì dá wọn sí. Àmọ́ ìṣubú yẹn ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí iná tó jó. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún owó tó ń san fún àgbẹ̀ láti 1983, kòkó náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sọ́jà.

Kí ló wá dé tí ìjọba yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ ba orísun owó rẹ̀ jẹ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dáhùn pé àìmọ̀kan ni, tàbí ìwà ìbàjẹ́ ẹni kan. Ìdáhùn yẹn kò tó. Àgbẹ̀ kòkó fọ́n káàkiri inú igbó, wọn kò lè pé jọ lọ́sẹ̀ kan kí wọ́n fi dá ìjọba dúró. Àwọn tó lè lé ìjọba lọ ń bẹ nílùú: ológun, òṣìṣẹ́ ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń fẹ́ oúnjẹ pọ́ọ́kú. Ológun fipá gbàjọba ní Gánà ní 1966, 1972, 1979 àti 1981. Olórí tí kò mọ̀ bóyá òun yóò wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ni yóò fi ọ̀rọ̀ igi kòkó ṣe, igi tó máa ń gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so? Ohun tó lè fi ra àwọn ọ̀tá rẹ̀ lónìí ló ń wá. Èyí ni ìsopọ̀ láàárín apá méjèèjì ìgbékalẹ̀. Òfin ọrọ̀ ajé tó burú kì í ṣèèṣì wà. Ó máa ń ní ẹni tó ń jẹ lára rẹ̀, ẹni yẹn ló sì ń dì í mú.

Ọba tí wọ́n dè

Ẹ jẹ́ ká wo òdìkejì rẹ̀. Ní 1672, Charles Kejì, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dédé dá owó dúró fún àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà tó yá a lówó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọba ni. Ta ni yóò pè é lẹ́jọ́? Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ yá ọba lówó yóò kọ́kọ́ ronú lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì bu èlé gọbọi lé e. Ní 1688, wọ́n lé James Kejì lọ, wọ́n sì gbé William Kẹta gorí ìtẹ́. Òfin tó tẹ̀ lé e ní 1689 sọ pé ọba kò lè bu owó orí láìjẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i. Ní 1694, wọ́n dá Bank of England sílẹ̀ láti yá ìjọba ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba pọ́n-ùn, pẹ̀lú èlé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ 12 péré ni owó náà fi pé.

Ọba tí wọ́n de ọwọ́ rẹ̀ ló wá rówó yá ju ọba tí kò sẹ́ni tó lè mú un lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyí, nítorí a máa ń rò pé agbára tí kò ní ìdíwọ́ ni yóò jẹ́ kí olórí rí nǹkan ṣe. Ìlérí alágbára kò níye lórí àyàfi bí ẹnì kan bá wà tó lè mú un bó bá yẹ̀ ẹ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹ kà á bí ẹni pé ìtàn rere lásán ni. Àwọn ọlọ́rọ̀ ló wà nínú ilé ìgbìmọ̀ yẹn. Mẹ̀kúnnù kò ní ìbò. Ní 1698, ìgbìmọ̀ kan náà tó de ọba fọwọ́ sí i pé kí gbogbo oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì lè wọ òwò ẹrú ní ilẹ̀ Áfíríkà, òwò tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ Royal African Company nìkan ló ní àṣẹ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún àwọn oníṣòwò wọn, orí àwọn baba ńlá wa ló já lé. Òfin tó dáàbò bo ẹrù ará Lọ́ńdọ̀nù kò dáàbò bo ọmọ èèyàn tí wọ́n dì sínú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìgbékalẹ̀ rere láìbéèrè ẹni tó wà nínú ọgbà rẹ̀ àti ẹni tó wà lẹ́yìn odi, kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ìgbékalẹ̀ burúkú náà máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ. Láti 1573 ni ìjọba Sípéènì ti ń fi òfin tí wọ́n ń pè ní mita kó ìdá kan nínú méje àwọn géńdé ọkùnrin láti abúlé tó wà ní agbègbè tí wọ́n yàn, ní Pẹ̀rú àti Bòlífíà òde òní, lọ wa fàdákà ní Potosí àti makiúrì ní Huancavelica. Ní 1812 ni wọ́n fòpin sí i. Melissa Dell, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, fi àwọn abúlé tó wà nínú ààlà mita wé àwọn tó wà lẹ́yìn ààlà náà gan-an, níbi tí òkè àti ojú ọjọ́ kò ti yàtọ̀. Nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 2010, ó rí i pé ohun tí ìdílé ń ná nínú ààlà àtijọ́ yẹn ṣì fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ìta. Ojú ọ̀nà kò dé ibẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ń gbin ju èyí tí wọ́n máa jẹ lọ. Ọdún 200 ti lọ, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó rí mita rí, àmọ́ ibi tí ọ̀nà kò gbà lánàá ni kò gbà lónìí.

Ìwé kọ́ ni òfin

Bí ó bá jẹ́ pé òfin tó dára ni gbogbo ohun tó kù, a bá da ti ẹlòmíràn kọ, kí ọ̀rọ̀ parí. Làìbéríà ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1847 tẹ̀ lé ti Amẹ́ríkà: ààrẹ, ilé ìgbìmọ̀ méjì, ilé ẹjọ́ gíga. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, True Whig, ló wà lórí oyè láti 1878 títí di ìgbà tí àwọn ọmọ ogun fi ìbọn gbàjọba ní 1980. Ìdílé díẹ̀ tó ti òkè òkun wá ló ń pín ipò láàárín ara wọn, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ onílẹ̀ kò ní ìbò fún ìgbà pípẹ́. Ìwé wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi í mú ẹni tó wà lókè.

Ẹni tó ti ń kà á bọ̀ yóò ti fẹ́ béèrè pé: Gúúsù Kòríà ńkọ́? Ṣáínà ńkọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Park Chung Hee fi ipá gba ìjọba ní Gúúsù Kòríà ní 1961, ó sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pa á ní 1979. Abẹ́ rẹ̀ ni ọrọ̀ ajé ibẹ̀ ti gbéra. Nígbà tí wọ́n pín Kòríà sí méjì ní 1945, apá Àríwá ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ ńláńlá àti iná mànàmáná. Apàṣẹwàá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, nítorí náà a ò lè sọ pé ìdìbò ló pààlà sí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Òfin ọrọ̀ ajé ló pààlà. Ní Gúúsù, wọ́n ti pín ilẹ̀ fún àwọn tó ń ro ó ní nǹkan bí 1950, aládàáni lè ní ilé iṣẹ́, ìjọba sì ń ran ẹni tó bá lè ta ọjà sókè òkun lọ́wọ́. Ní Àríwá, ìjọba ló ni gbogbo nǹkan, ìyàn sì mú wọn gan-an láàárín àwọn ọdún 1990.

Síbẹ̀, apàṣẹwàá tó tún ìlú ṣe kò ju orí rere lọ. Agbára tí Park ní, Mobutu ní irú rẹ̀ ní Kóńgò láti 1965 di 1997, a sì mọ bó ṣe bá ibẹ̀ jẹ́. Kò sí ohunkóhun nínú ìgbékalẹ̀ méjèèjì tó lè jẹ́ kí ará ìlú yan èyí tó wù wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Kòríà láti 1987 sí pàtàkì ju ilé iṣẹ́ tí Park kọ́ lọ. Ará ìlú ló tú jáde tí wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ láti dìbò yan ààrẹ. Ní 1996, ilé ẹjọ́ dá ààrẹ àná méjì lẹ́bi. Park Geun-hye, ọmọ Park Chung Hee, di ààrẹ ní 2013. Ní 2017, ilé ẹjọ́ yọ ọ́ nípò. Ní ti Ṣáínà, ẹni tó wà lókè ló fún àgbẹ̀ láàyè, kò sì sí ẹni tó lè fi tipátipá dí i lọ́wọ́ bó bá fẹ́ gbà á padà. Ní 2018 ni wọ́n yọ gbèdéke sáà méjì ààrẹ kúrò nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn.

Ti ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Onímọ̀ bíi Jeffrey Sachs ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ibà àti àìní etíkun ń fa orílẹ̀-èdè sẹ́yìn, irọ́ kọ́ ló sì ń pa. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó dán ọ̀rọ̀ yìí wò bíi Bòtswánà. Òkun kò dé ibẹ̀, aṣálẹ̀ Kalahari ló gba apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tó gba òmìnira ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966, nǹkan bí kìlómítà 12 ojú ọ̀nà ọlọ́dà ló wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Orapa.

Dáyámọ́ńdì ti ba orílẹ̀-èdè mìíràn jẹ́ pátápátá. Ohun tó yàtọ̀ ní Bòtswánà ni pé òfin ti wà kí owó tó dé. Àṣà ìgbìmọ̀ gbangba wọn tí wọ́n ń pè ní kgotla ti pẹ́: ọba á jókòó, ará ìlú á sọ tẹnu wọn, wọ́n a sì máa pa á lówe pé kgosi ke kgosi ka batho, àwọn èèyàn ló ń jẹ́ kí ọba jẹ́ ọba. Ilẹ̀ àwọn Bangwato ni Orapa wà, ọmọ oyè Bangwato sì ni Seretse Khama tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́. Ì bá ní kí ó jẹ́ ti ìdílé òun. Òfin ìwakùsà tí wọ́n ṣe ní 1967 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sábẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1975, ìpín ìjọba nínú ilé iṣẹ́ tí òun àti De Beers, ilé iṣẹ́ tó ń wa dáyámọ́ńdì, jọ ni ti di ìdajì. Wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe ọ̀nà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn.

Bòtswánà kì í ṣe ọ̀run rere. Àlàfo tó wà láàárín olówó àti tálákà níbẹ̀ wà lára èyí tó fẹ̀ jù láyé, dáyámọ́ńdì nìkan ni wọ́n gbójú lé jù, ìjọba sì lé àwọn ará San kúrò lórí ilẹ̀ àwọn baba wọn ní Kalahari. Àwọn ará San pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní 2006, ilé ẹjọ́ gíga dá wọn láre. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ló ṣàkóso láti ọjọ́ òmìnira, débi pé àwọn kan ń béèrè bóyá ìgbékalẹ̀ yẹn lè yọ ẹnikẹ́ni nípò.

Ìdáhùn dé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Dáyámọ́ńdì kò tà dáadáa mọ́, ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún 58 sì rí ìjókòó mẹ́rin péré mú nínú ilé ìgbìmọ̀. Ààrẹ Mokgweetsi Masisi gbà pé òun ti fìdí rẹmi kí wọ́n tó ka gbogbo ìbò tán, wọ́n sì búra fún Duma Boko ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìjọba tuntun náà fọwọ́ sí àdéhùn dáyámọ́ńdì pẹ̀lú De Beers, èyí tí ìjọba tó lọ ti bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò rẹ̀.